Táyà tí Bàbá Yàn fún Dáre

Nínú ìwé ìsìnkú tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ jáde, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá ìyá mi jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi tí mo dàgbà nílé rẹ̀ ní Ọ̀kà, nígbà tí mo kà á, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín láàárín ìsìn. Bàbá tí mo mọ̀ a máa jà. Ó bá àlùfáà jà lórí orin, ó bá àwọn onímọ́tò jà lórí eré àsápajúdé, ó sì bá gbogbo ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ológeere jà lórí táyà. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé náà, mo kọ̀. Mi ò lè máa ka ilé ìwé tó ti ṣe tíṣà àti oyè tí ìjọ fi dá a lọ́lá, kí n wá fo ohun tó pa á. Ìbéèrè kan ló pa á: ṣé táyà tí òun fi ọwọ́ ara òun yàn ló pa Dáre, àbúrò mi?

Ẹlòmíràn ì bá ti gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run, kó sì lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí òun kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le bí pátákó. Táyà títẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kò sí táyà tó máa kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní fi àtàǹpàkò tẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ ti kẹ̀kẹ́, ti ọ̀kadà, tàbí ti ọkọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí àwọn àna mi wá tọrọ mi, gbogbo ilé ti jókòó, wọ́n ti ń fi ẹnu pọ́n ara wọn, Bàbá nìkan ni a kò rí. Ó wà níta, ó lóṣòó ti ọkọ̀ wọn. Nígbà tó wọlé, kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi sọ pé táyà ẹ̀yìn wọn ti pá, kí wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wá máa sọ̀rọ̀ ìyàwó. Ojú bàbá ọkọ mi yí padà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá fa àga, ó jókòó, ó ní: “Ẹni tí ò bojú wo ohun tó fi ń tẹ ilẹ̀, kò lè sọ fún mi pé òun á tọ́jú ọmọ.”

Kẹ̀kẹ́ onírin tó wúwo ló ń gùn nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó lọ sí Ìkàrẹ́, ó ra kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkúnbọ̀ kan, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Tíṣà ti fẹ́ lọ díje nílẹ̀ òkèèrè. Ohun tó ká a lára ni táyà tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá, tó fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé tí o bá wò ó lókèèrè, o lè rò pé irin ló ń gbé e rìn. A máa ṣàlàyé fún wa nídìí oúnjẹ, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ó ní táyà fẹ́lẹ́ ń sá bí ẹni tí ajá ń lé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun mímú tó wà nílẹ̀ ló ń wọlé sí i lára. Èyí tó nípọn, ẹ̀gún kò ràn án, ṣùgbọ́n tí o bá fi ń gun òkè, ó dà bí ẹni tó pọn àgbàlagbà. Dáre a máa bi í léèrè, kó lè ráyè gbé ẹran tó wà lórí abọ́ Bàbá, pé èwo ló wá dára jù. Bàbá kò ní rí ẹran tó ń lọ. Yóò ní: “Eré tí ò gbé ọ dé ulé, ìrìn sàn jù ú lọ.”

Ulé ni Bàbá máa ń pe ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Ọ̀kà ṣe ń pè é. Mo ṣì ń gbọ́ ọ ní etí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkè tí a ń gùn kí a tó wọ Ọ̀kà, ẹ mọ̀ pé lọ́rì tí bíréèkì rẹ̀ bá já níbẹ̀ kì í dá nìkan lọ. Nígbàkúùgbà tó bá ti pa ènìyàn, àwọn ọ̀dọ́ a fi ìbínú jáde, wọ́n a kó ògbólógbòó táyà lọ́rì sí ojú ọ̀nà, wọ́n a dáná sun ún. Ìjọba a rán ènìyàn wá, wọ́n a sọ̀rọ̀, wọ́n a lọ. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbá eérú lọ tán, wáyà ló máa ń ṣẹ́ kù. Wáyà tín-ín-rín wà nínú táyà lọ́rì bí irun, òun gan-an ló sì ń gún táyà kẹ̀kẹ́ ju ìṣó lọ. O ò ní rí i. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń dún gbàgàgbàgà lábẹ́ rẹ ni wàá mọ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ti jó táyà lánàá, Bàbá á jáde láàárọ̀. Ó ti tú mágínẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́, ó fi okùn so ó, ó ń wọ́ ọ lórí ọ̀dà bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Yóò dúró, yóò gbé e sókè, irùngbọ̀n wáyà á ti hù sí i yíká. Agolo mílíìkì ló ń ṣa wọ́n sí, ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ló ń rì wọ́n mọ́. Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ṣe ni Bàbá ń kó ọ̀fọ̀ àwọn ẹlòmíràn wọ ilé wa. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí lọ́rì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pariwo mọ́ ọn lójú ọ̀nà pé, “Bàbá, èèyàn kú, ẹ̀yin ń ṣa wáyà! Ṣé ẹ ò lójú àánú ni?” Mo rò pé ìjà máa bẹ́. Bàbá kàn yọ wáyà tó kù sínú agolo, ó ní: “Mo ti sunkún tèmi lánàá. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mò ń ṣa eléyìí fún.”

Kì í so aago mọ́wọ́. Ó ní aago ń parọ́, bátìrì rẹ̀ lè kú kó má sọ fún ọ. Orin ìsìn ló fi ń wọn àkókò, nítorí òun ló darí akọrin ìjọ wa títí àgbà fi dé sí i. Orin kan wà fún ẹyin sísè, òmíràn wà fún iṣu. Tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkàrẹ́ bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin kan nísàlẹ̀ òkè, ìgbà tó bá sì dé ẹsẹ kẹta, á ti dé ẹnu kọ́nà ńlá tó wà lágbedeméjì. Kì í sáré orin, kì í sì í fà á. Àlùfáà tuntun kan dé, ọ̀dọ́ ni, ó ní kí a máa yára kọrin díẹ̀ kí àwọn ọmọdé má bàa sùn. Ìjà yẹn pẹ́ nílẹ̀. Lójú gbogbo ìjọ, Bàbá pa ìwé orin rẹ̀ dé, ó ní: “Orin kì í ṣe adìyẹ. Ẹ má lé e.”

Dáre ni ọmọ tí ìyá mi bí kẹ́yìn, bàbá wa sì ti kú kí ó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, Bàbá ni bàbá tó mọ̀. Nígbà tí eékún Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó fa kẹ̀kẹ́ eré ìje náà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Àṣé ìyẹn ni Dáre ń dúró dè. Láìpẹ́, ó ti ń bá ọ̀kadà sá eré. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò fún àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ní Àkúrẹ́, wọn á mú àwọn tó bá yára jù. Kò sí ohun mìíràn lẹ́nu Dáre mọ́. Ṣùgbọ́n táyà tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ti gbó, ọ̀rọ̀ táyà tuntun sì dé sílé wa bí ẹjọ́ ilẹ̀.

Lásísì fọkanáísà, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́ nítòsí ilé ọkọ mi, fi oríṣi mẹ́ta kọ́: fẹ́lẹ́, èyí tó nípọn, àti èyí tó wà láàárín wọn. Dáre fẹ́ fẹ́lẹ́. Ó ní ẹni tó bá fi táyà tó nípọn lọ sí Àkúrẹ́, kó kúkú gbé ọkọ́ dání kó máa lọ sóko. Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí. Ojú ọ̀nà wa kò dára mọ́, wọ́n ti jí ènìyàn gbé níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

“Tó bá jò mọ́ ọn lábẹ́ nínú igbó yẹn ńkọ́?” ìyá mi béèrè. “Ṣé àwọn ajínigbé máa dúró kó fi pọ́ńpù fẹ́ ẹ tán ni? Bàbá, ẹ ra èyí tó nípọn fún un.”

“Màámi, tí n bá yára, wọn ò ní rí mi mú,” ni Dáre wí.

“Ìwọ panu mọ́!”

Bàbá lọ sí Ìkàrẹ́ ní Sátidé, ó tẹ gbogbo táyà náà, ó ká wọn, ó gbóòórùn wọn, ó padà wálé láìrà. Ó tún lọ ní Sátidé kejì. Ó tún lọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó sú Lásísì. Ó ní, “Tíṣà, ṣé táyà lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?” Bàbá kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ìyàwó tó bá bá mi jà, mo lè bẹ àna mi. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ nítorí táyà?”

Èyí àárín ló rà. Ó ní aṣọ líle kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wáyà wọlé, síbẹ̀ kò wúwo. Òun fúnra rẹ̀ ló fi omi ọṣẹ ra etí rẹ̀, tó fi ọwọ́ tì í wọlé láìlo irin, tó fẹ́ ẹ, tó tẹ̀ ẹ́, tó tún fẹ́ ẹ sí i díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, mo lè búra. Ó ní, “Ó yára tó, ó sì le tó. Kí kálukú yín sinmi.” Kò sẹ́ni tó sinmi. Dáre wú bí àkàrà, ìyá mi pòṣé. Ṣùgbọ́n táyà náà kò jò rí. Gbogbo àsìkò tí Dáre fi gùn ún, àní lẹ́yìn tí wọ́n jó táyà sójú ọ̀nà tí wáyà kún ibẹ̀, kò jò.

Ilé mi ní Ìkàrẹ́ ni Dáre ti kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìdánwò Àkúrẹ́ kò tíì tó, ó ń padà lọ sí Ọ̀kà. Mo fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Lọ́rì tó kó òkúta ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà, bíréèkì rẹ̀ já, ó sì bá àbúrò mi ní ẹnu kọ́nà ńlá. Kẹ̀kẹ́ náà wó pọ̀ bí ìwé tí ènìyàn rún. Nígbà tí ọkọ mi dé ibẹ̀, ó rí táyà méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ṣì kún inú wọn.

Nílẹ̀ wa, àgbà kì í tẹ̀lé òkú ọmọdé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé Dáre lọ, Bàbá àti ìyá mi jókòó sí pálọ̀ láàárín àwọn tó wá kí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan nínú ìjọ wa, tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, mi orí, ó ní, “Áà, ìṣẹ́jú kan péré! Ká ní ó fi ìṣẹ́jú kan yára sí i ni, ì bá ti kọjá. Ká ní ó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ ni, kò ní tíì débẹ̀.” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rí Bàbá tó gbé ojú sókè. Mo rí ìyá mi tó wò ó.

Ìyá mi ní, “Mo ní kẹ́ ẹ ra èyí tó nípọn.”

Ohun tó bá bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò febi pa á. A máa se oúnjẹ rẹ̀, a máa fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò ló máa ń gbé e wọlé fún un, tàbí èmi tí mo bá wá. Bàbá náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun jẹ̀bi kò lè bẹ̀bẹ̀, irọ́ ni irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lọ wádìí.

Ó ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ mìíràn lọ́wọ́ Lásísì, irú ti Dáre gan-an, ó sì ra oríṣi táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbàlá mi ló gbé gbogbo rẹ̀ wá, nítorí ibẹ̀ ni Dáre ti gbéra. Àgbàlagbà tí eékún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ló ń lóṣòó sílẹ̀ tó ń pààrọ̀ táyà. Mo sunkún. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ mọ̀? Ẹ̀yin kọ́ lẹ wa lọ́rì.” Ó ní kí n bá òun mú pọ́ńpù wá.

Ó gun òkè náà pẹ̀lú fẹ́lẹ́. Ó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, ó tún fi èyí tó nípọn gùn ún. Orin kan náà ló kọ láti ẹnu ọ̀nà ilé mi, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀ bó bá ti parí, ó sì ń wo ẹsẹ tó máa bá a dé kọ́nà. Àwọn tó rí i rò pé ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Ọjọ́ tó fi táyà àárín gùn ún ni òjò ká a mọ́. Ọkọ mi fi ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó kọ̀, ó ní tí òun bá dúró, ìwọ̀n náà á bàjẹ́. Ó ń kọrin nínú òjò títí ó fi dé kọ́nà. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sílẹ̀ tó fi ọwọ́ di àyà mú.

Nígbà tí mo ń nu orí rẹ̀, ó sọ ohun tó rí fún mi, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni ń ka àbájáde ìdánwò.

“Fẹ́lẹ́ tí Dáre fẹ́, á ti kọjá kọ́nà kí lọ́rì tó dé. Èyí tó nípọn tí ìyá rẹ fẹ́, kò ní tíì dé ibẹ̀. Tèmi nìkan ló gbé e dé ẹnu kọ́nà lásìkò.”

Mo sọ fún un pé ìṣirò yìí kò mọ́gbọ́n dání. Ta ló mọ bí ẹsẹ̀ Dáre ṣe yára tó lọ́jọ́ náà? Ta ló mọ̀ bóyá ó dúró kí ẹnì kan lọ́nà? Ó ní, “Mo mọ ọmọ mi, mo sì mọ òkè náà. Má tù mí nínú, mi ò bẹ̀ ọ́.” Mo bínú sí i débi pé mo jáde síta. Títí di òní, inú ń bí mi sí i. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣa wáyà lójú ọ̀nà fún ẹlòmíràn, kò lè ṣa ẹyọ kan tó gún un lára.

Ikọ́ tó mú bọ̀ láti inú òjò yẹn kò lọ mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. A gbé e padà sí Ọ̀kà, torí ó ní òun kò ní kú sí Ìkàrẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kú gan-an, mo wà nínú yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán kan, mò ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣí, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé ògì wọlé.

Bàbá kò jẹ́ kó gbé e sílẹ̀. Ó ní, “Mo ti wádìí rẹ̀. Tìrẹ ni ì bá gbà á là. Mo jẹ̀bi. Ìyẹn ni mo ń dúró láti sọ.”

Mo rò pé ìyá mi á sunkún, tàbí á ní ó ti tán. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó dúró pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́, abọ́ náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ògì ń dà sí aṣọ rẹ̀.

“Mo pè é, Bàbá,” ló wí. “Ó ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí mo pè é lórí fóònù. Mo ní ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, àwọn ajínigbé á ti máa jáde, kó tẹ kẹ̀kẹ́ kíákíá, kó máà dúró níbì kankan. Ó ní, ‘Màámi, mò ń sáré bọ̀.’ Kì í ṣe bó ṣe máa ń gun òkè ló gùn ún lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo lé e.”

Mo wo ojú Bàbá, mo rí i tó ń padà gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú orin rẹ̀ tí kì í yára, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ tí kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ká ní ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú, kò sí ohun tí ì bá lọ wọ̀n.

“O mọ èyí,” ni Bàbá wí, “o wá ń wò mí tí mò ń gun òkè yẹn?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Nínú òjò?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mi ò lè sọ ọ́. Tí n bá sọ ọ́, èmi nìkan ló máa kù pẹ̀lú ẹ̀bi náà.”

Mo kórìíra ìyá mi ní ìṣẹ́jú yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Bàbá pa ojú dé pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tẹ̀ síwájú láti wò ó bóyá ó ń mí. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora, títí àyè fi ṣí sílẹ̀ létí ibùsùn.

Ó ní, “Gbé ògì yẹn sílẹ̀. Wá jókòó.”